Nígbà tí Àwọn Ọmọ Ìwó Ń Ya Àgọ́ Mósè

Ẹni tó bá ti Ìbàdàn gba Lálúpọn àti Èjìokú lọ kò ní pẹ́ kó tó dé Ìwó, bí ọ̀nà bá gbà fún un. A ti rìn ín lọ́pọ̀ ìgbà nítorí àpéjọ àdúrà àti ìgbéyàwó. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó gbé wa lọ yàtọ̀. Àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá bá àwọn fi àwòrán kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àwọn Júù àtijọ́: Nóà, Ábúráhámù, Mósè, àti àgọ́ inú aginjù pẹ̀lú ohun èlò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin la lò. Ohun tí ojú wa rí la fẹ́ ròyìn fún yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ Ìsinmi, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ra kíréyọ́nù fún ọmọ tí ẹ kò sì mọ ohun tí ẹ ó ní kó fi yà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé Ìwó rí, ìlú ńlá ni, láàrin Ìbàdàn àti Òṣogbo. Ìwó Olódídẹrẹ́ ni wọ́n ń kì í. Àwọn àgbà ìlú a máa sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni Adékọ́lá Tẹ̀lú, ọmọ Lúwo Gbàgìdá, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ti jáde wá, àti pé ibi tí wọ́n bá ti rí odídẹrẹ́ ni a ní kí wọ́n tẹ̀dó sí. Ẹyẹ náà ti di ọ̀wọ́n nínú igbó wa lónìí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi odídẹrẹ́ yìí sọ́kàn, nítorí ó ń bọ̀ wá wúlò.

Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ní Ìwó tipẹ́. Ní ọ̀rúndún 19, Olúwo tó wà lórí ìtẹ́, Ọba Mọ́mọ́dù Lámúyẹ, Mùsùlùmí ni. Síbẹ̀, ìlú yìí kan náà ni àwọn Onítẹ̀bọmi gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wọn wá ní 1938, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù sì dúró sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lórí ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ni Yunifásítì Bowen wà báyìí, èyí tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ní 2001. Ọ̀pọ̀ tíṣà tó fi ẹfun kọ lẹ́tà sára pátákó fún àwọn òbí wa, Ìwó ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí ẹ̀kọ́ ọmọdé ti ṣàjèjì la lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi tàn káàkiri pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì kan ní Ìwó wọ aṣọ akọrin àti aṣọ ìjọ lọ sí kíláàsì. A kò fẹ́ tún ẹjọ́ náà dá níhìn-ín. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni àwọn ọmọ. Ọmọ tó jókòó ti ọmọ lórí bẹ́ǹṣì kan láti prámárì kìíní, tó jọ ń jẹ èpà nínú bébà kan náà, ó ti wá ń fi aṣọ dá ẹnìkejì mọ̀ bí ọ̀tá.

Àwọn tíṣà tó pè wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ wá lára. Wọ́n ní bí wákàtí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn bá tó, kíláàsì á pín sí méjì. Àwọn kan á dìde, wọn á lọ sí yàrá kejì, àwọn yòókù á jókòó. Bí ó bá di wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ọnà, gbogbo wọn á tún wà pa pọ̀. Wọ́n bi wá pé ṣé kò sí ìtàn kan tí àwọn ọmọ méjèèjì jọ ní, tí wọ́n lè jọ yà. A ní ó wà. Mósè wa ni Mùsá wọn, Nóà wa ni Nuhu wọn. Ìtàn àwọn Júù ni, ó sì wọ inú ilé àwọn méjèèjì.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ yọjú kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí rárá. Alàgbà kan nínú ìjọ, ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún gan-an, ló mú wa sí ẹ̀gbẹ́ kan ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé. Ó ní, “Pásítọ̀, ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ ní mímọ nǹkan. Ṣé òfin kejì ti kúrò nínú Bíbélì yín ni?” Ìbéèrè tó dára ni. A jókòó tì í, a sì ṣí Ẹ́kísódù 20 ẹsẹ 4 àti 5. Ohun tí Ọlọ́run kọ̀ níbẹ̀ ni kí a yá ère kí a sì máa forí balẹ̀ fún un. Ọlọ́run yìí kan náà ló ní kí a fi wúrà ṣe kérúbù sórí àpótí ẹ̀rí (Ẹ́kísódù 25:18), òun ló ní kí a fi òwú ṣe èso sí ìṣẹ́tí aṣọ Áárónì (28:33). Ejò idẹ tí Mósè ṣe nípa àṣẹ, ìgbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sun tùràrí sí i ni Hesekáyà fọ́ ọ túútúú (2 Àwọn Ọba 18:4). Ejò yẹn pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó di òrìṣà. Ìlò tí wọ́n ń lò ó ló bà á jẹ́.

A tún fi Bẹ́sálẹ́lì hàn án. Nínú gbogbo Bíbélì, Bẹ́sálẹ́lì wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ kà nípa wọn pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún, iṣẹ́ ọwọ́ ni a sì fi kún un fún: wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta, igi (Ẹ́kísódù 31:1-5). Ẹsẹ kan wà tí àwa oníwàásù kì í sábà dúró lé lórí, Ẹ́kísódù 35:34. Ibẹ̀ ni a ti kà pé Ọlọ́run fi í sí ọkàn òun àti Àhólíábù láti kọ́ ẹlòmíràn. Alàgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun yóò wá wo ohun tí a ń ṣe. Ó sì wá.

Àwọn Júù fúnra wọn ti ja ìjà yìí tipẹ́, ìdáhùn wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan. Ní Dura-Europos, ní ilẹ̀ Síríà, wọ́n hú sínágọ́gù kan jáde ní 1932 tí wọ́n ti kùn ní nǹkan bí ọdún 244 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, tí àwòrán kún gbogbo ògiri rẹ̀. Mósè ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, ọmọbìnrin Fáráò wà nínú odò, ojú àti imú gbogbo wọn hàn ketekete. Ní Beth Alpha ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, àwọn àgbẹ̀ tó ń la ojú omi ní 1928 ṣàdédé kan ilẹ̀ sínágọ́gù ọ̀rúndún kẹfà, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà tò. Ábúráhámù, Ísáákì àti àgbò wà níbẹ̀. Ọlọ́run kò ní ojú nínú àwòrán náà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló yọ láti òkè. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀: Marianos àti Hanina. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé ọmọ prámárì kẹta ló yà á, orí ńlá, ẹsẹ̀ kékeré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,500 ọdún tí wọ́n ti tò ó, ó ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀.

Ìdáhùn kẹta ló mú inú wa dùn jù. Ní gúúsù Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1300, akọ̀wé Júù kan kọ Haggadah, ìyẹn ìwé tí ìdílé Júù ń kà nídìí oúnjẹ ní alẹ́ Ìrékọjá, nígbà tí ọmọ tó kéré jù nínú ilé á béèrè ìdí tí alẹ́ yìí fi yàtọ̀ (ẹ wo Ẹ́kísódù 12:26). Àwòrán kún inú rẹ̀. Àwọn kan ń po ìyẹ̀fun, àwọn kan ń sá fún Fáráò, mánà ń já bọ́ láti òkè. Ara ènìyàn ni wọ́n ní, fìlà àwọn Júù ìgbà náà wà lórí wọn, ṣùgbọ́n orí ẹyẹ ni orí wọn, àgógó ló wà níbi tí imú ìbá wà. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Ísírẹ́lì ní Jerúsálẹ́mù ni ìwé náà wà lónìí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni tó yà á kò fẹ́ ya ojú ènìyàn nítorí òfin kejì.

Ẹ̀yin ará, ìlú wo ló tún yẹ kí a gbé orí ẹyẹ lọ bí kò ṣe Ìwó Olódídẹrẹ́?

Ọjọ́ kìíní, a kò tilẹ̀ fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù. A kó àwọn ọmọ jáde sí pápá, a sì ka ìwọ̀n àgbàlá àgọ́ fún wọn: ọgọ́rùn-ún ìgbọ̀nwọ́ ní gígùn, àádọ́ta ní ìbú (Ẹ́kísódù 27:18). Ìgbọ̀nwọ́ ni láti ìgúnpá dé ṣóńṣó ìka, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì mítà lára àgbàlagbà. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá ara wọn wọn okùn. Ariyànjiyàn dé, nítorí apá ọmọ ọdún mẹ́jọ àti ti tíṣà kò dọ́gba. Ọmọkùnrin kan ní apá tíṣà ni kí a lò nítorí òun ló jọ Mósè jù. Wọ́n fi okùn àti èèkàn pààlà, ó gba nǹkan bí mítà 45, wọ́n sì dúró sínú rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ilé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn àgọ́ láì wọ̀n ọ́n sórí ilẹ̀, ó fi adùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni àwọ̀. Bíbélì Yorùbá wa, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ àgbà láàrin àwọn tó túmọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, pe aṣọ títa àgọ́ náà ní aṣọ aláró, elésèé àlùkò, àti òdòdó. Àwọn ọ̀rọ̀ aláró wa ni wọ̀nyí, àwọn ọ̀rọ̀ ìdí ìkòkò ẹ̀lú. Àlùkò jẹ́ ẹyẹ. Àwọn àgbà so agbe mọ́ aró, wọ́n so àlùkò mọ́ osùn, wọ́n so lékelèké mọ́ ẹfun. Nítorí náà a ní kí àwọn ọmọ má kàn fi kíréyọ́nù ṣe é. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò fún wa ní aró díẹ̀ àti ègé àǹkárá funfun, a ra osùn àti ẹfun lọ́jà. Ọwọ́ gbogbo wọn di aláró títí di ọjọ́ kejì, àwọn ìyá kan sì ti ń kanra nítorí yúnífọ́ọ̀mù. Nígbà tí a dé ìdí ẹ̀wù Áárónì tí ṣaworo wúrà wà ní ìṣẹ́tí rẹ̀, kò sí ọmọ tó bi wá léèrè ohun tó ń jẹ́ ṣaworo. Gbogbo wọn ti rí i létí ìyá ìlù dùndún. Ọ̀kan nínú wọn fi ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́ridòdò so ọ́ mọ́ ìdí aṣọ, ó ń rìn, ó ń dún.

Ọ̀pá fìtílà ni ọjọ́ kẹta. A mọ ọ́n pẹ̀lú amọ̀: igi kan láàrin, ẹ̀ka mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì (Ẹ́kísódù 25:31-32). Àwòrán rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù láti ayé àtijọ́ wà lára òkúta ẹnu ọ̀nà ìṣẹ́gun Titus ní Róòmù, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń gbé e lọ lẹ́yìn tí wọ́n pa Jerúsálẹ́mù run ní ọdún 70. Ó sì di àmì orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ní 1949. Níhìn-ín, a fẹ́ bá àwa òṣìṣẹ́ Olúwa sọ̀rọ̀ díẹ̀. A ń rí ọ̀pá fìtílà, ìwo àgbò àti àsíá Ísírẹ́lì nínú ilé ìsìn wa nísinsìnyí, àwọn ẹlòmíràn sì ń tà wọ́n bí ẹni pé agbára wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ejò idẹ náà nìyẹn. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ fìtílà náà, tí ẹ̀ka rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì, tó tún un lẹ̀, kò ní gbà nígbà tó bá dàgbà pé idán wà nínú rẹ̀. Àti pé, ẹ̀yin tíṣà, ẹ má ya ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sára àgọ́ Mósè mọ́. Ìràwọ̀ tí a ń pè ní ti Dáfídì kò sí nínú Bíbélì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ló tó di àmì àwọn Júù.

Ọjọ́ kẹrin, a ya líla Òkun Pupa kọjá. A sọ ìtàn ìwé Jámánì náà fún àwọn ọmọ, a sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi orí odídẹrẹ́ sí orí àwọn èrò. Ẹ̀rín sọ. Tíṣà kíláàsì náà, obìnrin Mùsùlùmí kan tí gbogbo wọn ń pè ní Alhaja, ló kìlọ̀ fún wa ṣáájú pé kí a má fi àgógó sí ẹnu àwọn ànábì. Àwọn òbí yóò kà á sí ìfiṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. A rántí ọwọ́ tó wà ní Beth Alpha, a sì pinnu pé ọwọ́ Mósè àti ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni yóò hàn, láti ẹ̀gbẹ́ bébà.

Kí a tó palẹ̀ mọ́, bàbá ọmọ kan wọlé, àlùfáà ni, ọ̀kan nínú àwòrán náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti sá mú un lọ sílé ní àkókò ìsinmi. Ó kí wa, ó sì kọjú sí tíṣà.

“Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni wọ́n ń kọ́ ọmọ mi yìí?”

“Ìtàn Ànábì Mùsá ni, Alfa. Ẹ bi í léèrè kí ẹ gbọ́.”

Ó bi í. Ọmọ náà ka ìtàn náà láti ìdí agbọ̀n inú odò títí dé ibi tí omi ti bo kẹ̀kẹ́ ogun, kò fo ibì kankan. Bàbá náà wo bébà náà pẹ́. Ó ní, “Mùsá dà níbẹ̀?” Ọmọ fi ọwọ́ àti ọ̀pá hàn án. Ó mi orí, ó ká bébà náà, ó fi sí àpò agbádá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí fìtílà amọ̀ lórí tábìlì, ó ní kí ọmọ òun má gbé ìyẹn wálé, nítorí ó ti rí irú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. A kò bá a jiyàn. Fìtílà ọmọ yẹn wà lórí fèrèsé kíláàsì títí a fi kúrò, orúkọ rẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀.

Orúkọ yẹn, a mọ̀ọ́mọ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ ni. A kọ́ ọ lára obìnrin Júù kan, Friedl Dicker-Brandeis. Àwọn Násì kó o lọ sí àgọ́ ìhámọ́ Terezín ní ilẹ̀ Czech ní 1942. Níbẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ Júù tí a kó pa mọ́ ní àwòrán yíyà, ó sì máa ń ní kí ọmọ kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀, ní ibi tí nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ka ènìyàn. Wọ́n pa á ní Auschwitz ní oṣù kẹwàá 1944, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ náà. Àwòrán wọn tó bíi 4,500 ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá sọ fún wa pé eré lásán ni àwòrán, orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn la ó fi dá a lóhùn.

Bí alàgbà wa ṣe bèèrè bóyá ọmọ Mùsùlùmí lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ inú Bíbélì, a rán an létí ará ilé wa. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti ẹnìkejì rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì. Bándélé, ọmọ Aréògún ti Òsì, gbẹ́gi níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ sí i. Alhaji ni Fákẹ́yẹ, títí ó fi kú ní 2009, síbẹ̀ ó gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì jọ Yorùbá, wọ́n wọ fìlà, wọ́n ru igbá. Alàgbà ní òun kò mọ̀. Ó bèèrè ibi tí òun ti lè rí ọ̀kan.

Àwọn tíṣà ti ń múra fún táàmù tó ń bọ̀. Ọkọ̀ Nóà ló kàn. Àwọn ọmọ ti ṣí Jẹ́nẹ́sísì 6:15, wọ́n rí i pé ọ̀ọ́dúnrún ìgbọ̀nwọ́ ni gígùn rẹ̀, wọ́n sì mú okùn àgọ́ jáde. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pápá kò gbà á. Imú ọkọ̀ náà kọjá ògiri ilé ẹ̀kọ́, ó gba títì, ó sì wọ ìdí ìsọ̀ ìyá alákàrà tó wà ní òdìkejì. Ìyá náà ti ní kí wọ́n wá sọ fún òun ọjọ́ tí wọ́n máa kàn án.